Kọ̀rọ̀ Fúláwà tí Mọ́mì Ní Kí N Má Gé

Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ sí wa kò gùn rárá. Wọ́n ní fúláwà tó yí ilé wa ká ní Bódìjà ti di igbó, pé olè lè fara pamọ́ síbẹ̀, pé ejò ti jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti pé bí a ò bá gé e kí oṣù tó parí, àwọn á rán àwọn tó máa wá hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mo ka lẹ́tà náà sétí Mọ́mì ní pálọ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, ọ̀pá onẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n etí wọn mú ju tèmi lọ. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n kọjú sí fèrèsé, níbi tí ewé ti bo gíláàsì pátápátá, débi pé láago méjì ọ̀sán, àfi kí á tan iná kí á tó rí ojú ara wa.

"Gé e," ni wọ́n wí. "Gé gbogbo ẹ̀ bó ṣe wù ẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwẹ̀ àtijọ́, má fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́."

Mọ́mì kì í bẹ èèyàn. Obìnrin Èkìtì ni wọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àṣẹ ni wọ́n mọ̀ ọ́n pa. Ó yẹ kí "mo bẹ̀ ẹ́" yẹn ta mí létí. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìwà tèmi, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ti rí nǹkan tí kò tọ́, ara mi ò ní balẹ̀ àfi tí mo bá tún un ṣe, kódà bó jẹ́ pé àtúnṣe yẹn ló máa bà á jẹ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, kò ṣeé kọ síbí.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé girama. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Dádì ti kú, àbúrò mi ọkùnrin sì wà lókè òkun, èmi náà bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní Òkè-Àdó, mo wá ń gbé pẹ̀lú Mọ́mì. Ilé tí ìjọba fi Dádì sí nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni, wọ́n sì rà á nígbà tó yá. Dádì ló fọwọ́ ara wọn gbin fúláwà náà. Ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń dán, òdòdó rẹ̀ funfun. Nígbà ayé wọn, wọn kì í jẹ́ kó ga ju àyà èèyàn lọ. Sátidé kìíní oṣù, wọ́n á wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n á mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé e jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti géètì, wọ́n á máa rẹ́ ẹ lọ bí ẹni ń gẹrun. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìkan ni wọn kì í gé. Mo máa ń rò pé ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n tí wọ́n bá débẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí Dádì ti kú, kò sẹ́ni tó gé e mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án. Fúláwà tí a ò gé fún ọdún mẹ́sàn-án, òde rẹ̀ nìkan ló máa ń tutù. Ìmọ́lẹ̀ kì í wọnú rẹ̀, àwọn ẹ̀ka inú á gbẹ, inú á wá dà bí ihò. Bí èèyàn bá fẹ́ sọ ọ́ di tuntun, kò sí ojú àánú níbẹ̀: a óò gé e wálẹ̀ dé orúnkún nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù díẹ̀ kó dé, a óò da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí ìdí rẹ̀, a óò wá máa wòye. Àwọn tó ń ṣàánú rẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn gan-an ló ń pa á.

Ọkùnrin kan láti Mọ́níyà ni mo pè wá sí iṣẹ́ náà. Àgbẹ̀ ni, ẹni bí ọdún márùndínláàádọ́ta, ó máa ń wá gé ọgbà fún àwọn ará Bódìjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò bá sí iṣẹ́ lóko. Kì í sọ̀rọ̀ jù, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Ọjọ́ kìíní, a gé iwájú. Ọjọ́ kejì, a gé ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ya wọ pálọ̀ wa bí àlejò tí a ò pè, mo wá rí i pé eruku ti di ìpele lórí ohun gbogbo, àti pé ògiri tí mo rò pé ó jẹ́ aláwọ̀ ewéko, funfun ni. Mọ́mì fi ọwọ́ bojú.

"Ta ló ń wò wá yẹn?" ni wọ́n bi mí.

Kò sẹ́ni tó ń wò wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ilé alájà mẹ́ta kan ti dúró lẹ́yìn ilé wa láti bí ọdún mélòó kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yàrá ní Agbowó ló kún ibẹ̀. Fúláwà ni kì í jẹ́ kí á rí wọn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, a ń rí ṣòkòtò wọn tí wọ́n sá sórí báńkóònì, wọ́n sì ń rí wa.

Ọjọ́ kẹta, a dé ẹ̀yìn. Mi ò sọ pé kó gé kọ̀rọ̀ náà o. Mo kàn ní kó yọjú wo inú rẹ̀ kó sọ fún mi bó ṣe rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fàyà wọ́ wọ abẹ́ ẹ̀ka lọ, mo sì ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí mi ò fi rí i mọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò tiẹ̀ gbọn ewé tó wà lórí rẹ̀ dànù.

"Mà, ta ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀?"

"Níbo?"

"Inú lọ́hùn-ún, mà. Wọ́n gbá a. Wọ́n gbá a láàárọ̀ yìí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ebi ló ń pa á. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé kò bá mi rẹ́rìn-ín, mo ká ìró mi sókè, mo rá wọlé. Ẹ gbà mí o! Inú rẹ̀ fẹ̀ tó ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ọyẹ́ ọdún yẹn pẹ́ kó tó lọ, ewé gbígbẹ kún gbogbo ọgbà dé ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ewé kan ṣoṣo ò sí nílẹ̀. Ojú ọwọ̀ wà lórí iyanrìn, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó tò tẹ̀lé ara wọn, ó mọ́ kedere. Nǹkan funfun kan wà láàárín, wọ́n bù ú wọ́n ọn yíká. Ariwo ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì ò dún létí mi mọ́. Ó tutù níbẹ̀, ó sì dákẹ́ bíi yàrá tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rá jáde.

"Ẹfun nìyẹn, mà," ni ọkùnrin náà wí. Ó ti ń kó àdá rẹ̀ sínú àpò.

Onígbàgbọ́ ni mí. Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń lọ fún àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́, mo máa ń jáde láago márùn-ún ààbọ̀ mo sì máa ń dé ní nǹkan bí aago méje. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ni mí. Ẹni tó bá rí nǹkan funfun tí wọ́n wọ́n sílẹ̀ nínú igbó ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ tí kò wárìrì, irú ìgbàgbọ́ tiẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó ewé gbígbẹ, ó kún bókẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, mo da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀rọ̀ náà. Mo ti géètì, mo fi àgádágodo sí i. Mo jókòó sí fèrèsé kíṣìnì, mo ń ṣọ́ ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò rí ohun kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àgádágodo wà bó ṣe wà. Mo rá wọlé. Wọ́n ti gbá gbogbo ewé náà. Wọ́n kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òkìtì kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ bínú sí mi. Nǹkan funfun tuntun ti wà nílẹ̀.

Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún gbá a.

Ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkan mọ́ ìkan. Mọ́mì ti ń rù láti bí ọdún kan. Bí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn láàárọ̀, iyanrìn máa ń wà níbi ẹsẹ̀, mo sì máa ń rò pé ọyẹ́ ló ń gbé e wọlé. Nígbà mìíràn lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ nínú yàrá wọn, yàrá ẹ̀yìn, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí kọ̀rọ̀ náà. Mo bi wọ́n léèkan pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà ni. Èwo ni àdúrà tí èèyàn ń gbà tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín?

Mo lọ bá wọn. "Mọ́mì, ṣé ẹ ò gbọ́ ìró kankan lẹ́yìn fèrèsé yín?"

Ojú wọn yí padà. "Ṣé o ti gé ibẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Má gé e o. Tó o bá gé e, ìwọ àti èmi ni."

Mo jáde. Mo ní nínú ara mi pé hẹn-ẹ́n, nǹkan náà ti ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ri nǹkan mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa láti fi mú ìyá mi, ìyá mi gan-an ló sì ń gbèjà rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, bí ẹ̀rù bá sì ti bà mí, ìbínú ló máa ń dà. Mo búra pé màá hú u jáde, ohun yòówù kó jẹ́.

Mo bẹ ọkùnrin Mọ́níyà náà lórí fóònù títí ẹnu fi rẹ̀ mí kó tó gbà láti padà wá. Ó ní òun máa gé ẹ̀ka, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yẹn láé. Mo ní kó gé ẹ̀ka, èmi á gbẹ́ ilẹ̀. Láago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Mọ́mì ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọ́n ti sùn lọ. Ó gé kọ̀rọ̀ náà wálẹ̀ dé orúnkún bíi ti ìyókù. Ó yà mí lẹ́nu bí igi yẹn ṣe nípọn tó. Nígbà tí ẹ̀ka tó kẹ́yìn wó, oòrùn bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbá yẹn, gbogbo ojú ọwọ̀ náà hàn, ọkùnrin náà sì fi ẹ̀yìn rìn títí tó fi dé ìdí táńkì omi.

Mo gbé ọkọ́. Mo gbàdúrà sókè, mo kó gbogbo ẹ̀jẹ̀ Jésù tí mo mọ̀ jọ. Ilẹ̀ náà rọ̀, ó rọ̀ ju gbogbo ilẹ̀ ọgbà wa lọ. Ọkọ́ kìíní wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta kan nǹkan kan, ó dún kọ̀ọ̀, irú ìró tí irin máa ń ní nígbà tó bá kan abọ́.

Mi ò gbọ́ ìgbà tí ilẹ̀kùn kékeré tó ti yàrá Mọ́mì já sí ẹ̀yìn ilé ṣí. Ìgbe ni mo gbọ́. Ìyá mi, tí kì í rìn láìsí ọ̀pá onẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ni mo rí tí wọ́n ń sáré bọ̀, ìró wọn ti tú, ìbòrí ti bọ́ lórí wọn. Wọ́n ṣubú lulẹ̀ síwájú mi, wọ́n na gbogbo ara wọn sórí ibi tí mo gbẹ́, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọkọ́.

"Má ṣá a!" ni wọ́n ń wí, Èkìtì pọ́ńbélé ló kún ẹnu wọn. "Ọmọ mi ni! Má ṣá ọmọ mi!"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin Mọ́níyà náà ṣí fìlà lórí, ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. Nígbà tó yá, ó dìde, ó rọra ṣí géètì, ó sì lọ. Kò dúró gba ohunkóhun.

Èmi àti Mọ́mì jókòó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè mí dáadáa. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ kan wà ṣáájú mi. Obìnrin ni. Oṣù mẹ́jọ ló lò, ibà gbé e lọ láàárín ọjọ́ méjì. Gbogbo wa la mọ àṣà náà, onígbàgbọ́ tàbí aláìgbàgbọ́: òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, òbí kì í sì í fojú rí sàréè ọmọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n Dádì ló wá sin ín. Wọ́n ti Dádì àti Mọ́mì mọ́ yàrá.

"Bàbá rẹ fi ọwọ́ méjèèjì dí mi létí," ni Mọ́mì wí. "Ṣùgbọ́n ìró ọkọ́ ń gba àárín ìka ẹ̀ wọlé. Mo ń kà á. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iwájú, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdí kànga. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ní kí n má sunkún. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Mi ò sunkún."

"Dádì ńkọ́, mà?"

"Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé ẹ̀ka fúláwà dé láti ibi iṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ọgbà láti iwájú, àbí? Kọ̀rọ̀ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mi ò bi í, òun náà ò sọ."

"Títí wọ́n fi kú?"

"Títí ó fi kú."

Fún ọgọ́ta ọdún ó lé, bí Dádì bá ti jáde nílé, Mọ́mì á rá wọ inú fúláwà náà, wọ́n á gbálẹ̀ níbẹ̀. Ewé náà bò wọ́n. Ayé ò rí wọn, Dádì ò rí wọn, àwa ọmọ ò rí wọn. Nígbà tí mo wá ń bá wọn gbé, aago márùn-ún ààbọ̀ tí mo bá ti jáde lọ gbàdúrà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní àwọn á fi ìdí wọ́ débẹ̀, àwọn á sì fi ìdí wọ́ padà.

"Nǹkan funfun yẹn ńkọ́, mà?"

"Páúdà ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì wò mí bí ẹni pé mo gọ̀. "Ooru mú. Ooru máa ń sú sí ọmọ lára."

Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Èmi tí mo ń pe ara mi ní àkọ́bí láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń fi ipò yẹn yan àbúrò mi jẹ, mo fi ọkọ́ dúró lórí ẹ̀gbọ́n mi, mo ń dè é ní orúkọ Jésù.

Mọ́mì ń fi ìka tu iyẹ̀pẹ̀ ibi tí ọkọ́ ti kan nǹkan. Etí abọ́ tánganran kan yọ síta, abọ́ kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, funfun, etí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu etí rẹ̀ yíká.

"Abọ́ ẹ̀ nìyí," ni wọ́n wí. "Abọ́ tó fi ń jẹun. Mo wá a títí nínú ilé. Ṣé o rí i, etí lásán ni mo fi mọ ibí yìí. Ọjọ́ mìíràn máa ń wà tí mo máa ń rò pé bóyá ilẹ̀ òfìfo ni mò ń gbá." Wọ́n tún nu abọ́ náà. "Ibí ni. Ibí náà ni."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sunkún. Mo dì wọ́n mú, àwa méjèèjì ń sunkún lójú oòrùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì dúró lórí báńkóònì ilé alájà mẹ́ta, wọ́n ń wò wá.

Mo da iyẹ̀pẹ̀ padà, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, pé àṣírí ti tú, ọkàn á sì fúyẹ́. Ẹ ò rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ kejì, Mọ́mì ò dìde mọ́. Iyanrìn ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ẹ̀rín ọ̀sán náà sì dákẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú wọn lọ sẹ́yìn. Wọ́n mi orí.

"Ojú pọ̀," ni wọ́n wí. "Ìyá kì í dúró lójú ayé lórí ilẹ̀ ọmọ ẹ̀. Ewé yẹn ló ń bò mí."

Mo ní màá kan páànù yí ibẹ̀ ká. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n wá bi mí ní ohun tó ti ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ tí mo ti gé e.

"Ìwọ lo mọ̀ nípa igi. Ìgbà wo ló máa tó ga bò mí?"

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òjò kìíní, ti ọdún yìí, á rúwé láti ìdí. Òjò kejì, á dé ìbàdí. Ó di òjò kẹta kó tó ki, kó tó lè bo èèyàn tó jókòó sínú rẹ̀. Ó yẹ kí n purọ́. Ìwà mi tí mo ti ń sọ yẹn ni kò jẹ́.

"Òjò mẹ́ta, mà."

Wọ́n ká ìka mẹ́ta, wọ́n wò ó, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, ṣíbí ògì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń lá lójúmọ́. Dókítà wá, ó ní òun ò rí àìsàn kankan. Èmi rí i. Èmi ni mo gé e.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo da ìgbẹ́ adìẹ sí ìdí gbogbo fúláwà, mo da ìlọ́po méjì sí ti kọ̀rọ̀ yẹn. Ó rúwé, kékeré, pupa rúsúrúsú, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń bú u pé kí ló ń ṣe é tí kò fi yára. Ẹgbẹ́ onílé fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo fà á ya.

Ó wá di Sátidé kan, mo fọ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì. Gbogbo okùn iwájú ti kún, mo bá so okùn méjì lẹ́yìn, láti ara ògiri ilé-ìwẹ̀ àtijọ́ dé ara ọ̀pẹ, mo sá bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì mẹ́rin síbẹ̀. Mo wọlé lọ mú pẹ́ẹ̀gì tí màá fi há wọn mọ́ okùn. Nígbà tí mo padà jáde, yàrá Mọ́mì ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wọn sì ṣófo. Ọ̀pá onẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo wo ibi tí mo sá aṣọ sí. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun náà, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ méjì àti orí ọwọ̀ kan. Ọwọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín jẹ́jẹ́ yẹn.

Mo yíjú padà, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Láti ìgbà yẹn, mi ò lọ àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ mọ́. Aago márùn-ún ààbọ̀, mo ti ń fọṣọ. Bí kò bá sí aṣọ ìdọ̀tí, màá kó èyí tó mọ́, màá ri wọ́n bọ omi, màá sá wọn yíká kọ̀rọ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ṣé ẹ ti ṣí ilé ìfọṣọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n kó tiwọn wá. Pásítọ̀ wá bi mí pé ṣé mo ti padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́ ni. Mo ní ọwọ́ mi ló dí. Mọ́mì ti ń jẹ ẹ̀bà báyìí, wọ́n sì ti ń ráhùn pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ò tó.

A kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọn ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi á kàn kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, màá máa fún aṣọ, wọ́n á máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdé tó kọjá, ọwọ̀ dákẹ́ lójijì. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kan gbéra díẹ̀, ó sì tún balẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Mọ́mì lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ènìyàn tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n kí ẹ."

Omi ń kán láti ara aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi sórí ẹsẹ̀ mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Mo jẹ́ wọn lóhùn o," ni mo wí. "Ẹ bá mi kí wọn, Mọ́mì. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa."